S Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ibà pọ̀ ní Àpòmù tí a bí mi sí. Ó pọ̀ ní Ìkirè tó múlé tì wá. Ibà yìí ló yan ẹ̀jẹ̀ tí a jogún. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ tó ní S kan, àbùdá tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà, ó ń bímọ, S sì ń gbilẹ̀.

DNA inú egungun àtijọ́ ni ìbá sọ ọjọ́ orí S fún wa, irú èyí tí wọ́n rí kà láti Shum Laka ní Kamẹrúùnù, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2020. Ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ igbó máa ń bà á jẹ́. DNA alààyè ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ ní 2018: nǹkan bí 7,300 ọdún.

Asà ni S kan. Méjì ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladíde. AS ni mí. AS ni ọmọ Ìkirè tí mo fẹ́ fẹ́. Oyún kọ̀ọ̀kan lè mú S méjì wá. A pínyà, nítorí ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, S kì í ṣe èpè. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ìfẹ́ tó wọra.