Ta Ni Ń Wo Ọmọ Ẹnjiníà?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ inú ìwé ẹgbẹ́ wa. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ní tèmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo dàgbà sí. Ẹnjiníà ni bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lójú òkun: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé. Ìyá mi ń yẹ omi ẹ̀rọ wò ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì máa ń ṣe iṣẹ́ òru nígbà mìíràn.

Bí bàbá mi bá ń lọ, àdúrà ni àwọn aládùúgbò máa ń ṣe fún wọn pé kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire. Bí ìyá mi bá ń jáde lálẹ́, ìbéèrè ni: "Ọ̀dọ̀ ta lẹ wá fi àwọn ọmọ sí?" N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni ìrìn àjò wọn pẹ́ jù.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni wọ́n ń fi wá sí. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú méjì péré ni ó wo àwa mẹ́ta, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òru tí iṣẹ́ kan ìyá mi ju bí ìyá mi fúnra wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ̀wù funfun tí ásíìdì ti dá lu lápò, wọn kì í jẹ́ kí á sá a mọ́ aṣọ ọmọdé lórí okùn.

Obìnrin tí ń ta gààrí lè tẹ́ ọmọ sábẹ́ àtẹ. Àgbẹ̀ lè tẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ igi. Ta ni yóò gbé ọmọ lọ sí ibi tí ásíìdì wà? Ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn nílé, a kì í sì í sábà dárúkọ ẹni náà. Gbogbo ayé ló mọ Marie Curie, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903 àti ní 1911. Mélòó nínú wa ló mọ Eugène Curie? Bàbá ọkọ rẹ̀ ni, dókítà sì ni. Kò pẹ́ tí wọ́n bí Irène ní 1897 tí ìyàwó bàbá yìí kú, ni ó bá kó wá sọ́dọ̀ wọn. Òun ni ó ń wo ọmọ tí Marie fi ń ráyè ṣe ìwádìí. Pierre, ọkọ Marie, kú ní 1906. Bàbá náà kò fi wọ́n sílẹ̀ títí òun náà fi kú ní 1910. Irène gba Nobel tirẹ̀ ní 1935. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin ni ìyá àgbà ilé náà!

Òfin iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ. Bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ààbọ̀ wákàtí, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ Èkó!

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹnjiníà tí ń ṣe ọ̀nà àti afárá, ti bímọ. Ìyá àgbà kò lè gbé ọmọ mọ́. Ìyá mi tí ó kàn ṣì ku ọdún márùn-ún kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi ní, "Nígbà tí mo bí ìwọ, n kò fi í sílẹ̀. Ṣé tìtorí ọmọ rẹ ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀?" Fún oṣù kan, ìkíni lásán ló kù láàárín wọn. Lójú tèmi, ìyá mi jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe mí.

Bàbá mi ló dá sí i. Wọ́n ní bí àwọn bá ti òkun dé, kí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá àwọn. Àbúrò wọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun mọ bí a ti ń po ògì fún ọmọ ni. Wọ́n ní ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe nínú ìjì yóò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì gbà á fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí mo ti ń kọ èyí, wọ́n ti padà sórí omi, a kò sì tíì mọ ẹni tí yóò gba ọmọ títí wọn yóò fi dé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń rò ó.