Ilẹ̀ Ló Lorúkọ: Ìrìn Àjò Mi sí Ọgbà Àjàrà Bourgogne

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ọgbà àjàrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò fojú kàn án rí. Inú Bíbélì ni a ti kọ́ ọ: ọgbà àjàrà, ìfúntí, wáìnì tuntun nínú ìgò awọ. Ní ti èmi, ìtàn Nábótì ló jinlẹ̀ jù lọ́kàn mi, ọkùnrin tí ọba Áhábù fẹ́ ra ọgbà àjàrà rẹ̀, tí ó sì kọ̀ nítorí pé ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo dé ẹkùn Bourgogne ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni mo rí i pé ìtàn náà kò tíì parí. Wáìnì ló gbé mi lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún ni mo gbọ́ bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ọfà gbé mi láti Paris dé Dijon láàárín nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti wọ òmíràn tó kọjú sí gúúsù, sí ìlú Beaune. Kò pẹ́ tí a kúrò ní Dijon tí ọgbà àjàrà fi bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Òkè kan tí kò ga púpọ̀ ló nà gbọọrọ bí ejò tó sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn kí oòrùn àárọ̀ lè tètè bà lé e. Ẹ̀gbẹ́ òkè yìí ni wọ́n gbin àjàrà sí ní ìlà-ní-ìlà, fún nǹkan bí 50 kìlómítà. Côte d'Or ni wọ́n ń pè é. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀: àwọn ibì kan wà tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn já láàárín 20 ìṣẹ́jú.

Irú àjàrà méjì ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: Pinot Noir, tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa, àti Chardonnay, tí wọ́n fi ń ṣe funfun. Àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1395, Philippe le Hardi, Dúúkù Bourgogne, pàṣẹ pé kí wọ́n hú àjàrà Gamay, tí ń so wọ̀ǹtìwọnti, kúrò lórí ilẹ̀ náà, kí Pinot lè ráyè. Bí irú àjàrà bá wá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ òkè dé òpin rẹ̀, kí ló ń mú kí ìgò wáìnì kan jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́, kí òmíràn sì gba owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń dáhùn: climat.

Ní ẹnu Faransé gbogbo, ojú ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ní Bourgogne, ègé ilẹ̀ àjàrà ni, tó ní ààlà, tó ní orúkọ, tí ìran dé ìran sì ti mọ ìwà rẹ̀. Iye wọn lórí òkè yìí jẹ́ 1,247, àjọ UNESCO sì fi wọ́n sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2015. Orúkọ wọn dùn ún gbọ́. Montrachet túmọ̀ sí òkè tó pá lórí. Les Amoureuses túmọ̀ sí àwọn obìnrin tí ìfẹ́ ń pa. Orúkọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára ìgò, nígbà tí orúkọ irú àjàrà kì í sábà hàn níbẹ̀ rárá. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Bourgogne, oko ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ìlú lórúkọ: ní 1847, ìlú Gevrey fi Chambertin, orúkọ ọgbà rẹ̀ tó lókìkí jù, kún orúkọ ara rẹ̀. Gevrey-Chambertin ni wọ́n ń pè é títí dòní, ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè náà sì ti ṣe bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹsẹ̀ rìn láti Vougeot lọ sí Vosne-Romanée, nígbà tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́. Òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ ló kún inú erùpẹ̀ ibẹ̀, n kò sì rò pé àgbẹ̀ kan nílé wa yóò fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní òdìkejì òpópónà, máa ń fún àjàrà ní ewé àti omi púpọ̀, wáìnì rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn lẹ́nu. Ilẹ̀ olókùúta ní àárín ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń mú kí gbòǹgbò wá omi lọ jìnnà, kí èso kéré, kí adùn rẹ̀ sì kún. Ibẹ̀ ni àwọn ọgbà tó wà ní ipò gíga jù wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Grand Cru. 33 péré ni wọ́n ní gbogbo Bourgogne. Premier Cru ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà wáìnì tó ń jẹ́ orúkọ abúlé, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kàn ń jẹ́ Bourgogne.

Àwọn mọ́ńkì wà lára àwọn tó fi sùúrù kọ́ ìmọ̀ yìí. Ní 1098 ni wọ́n dá ilé ẹ̀sìn Cîteaux sílẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí Vougeot. Láti ọ̀rúndún 12 ni àwọn mọ́ńkì rẹ̀ ti ń gba ilẹ̀ àjàrà jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi odi òkúta yí i ká. Odi náà wà títí dòní, nǹkan bí hẹ́kítà 50 ló wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Clos de Vougeot. Nígbà Ìyípadà Ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, ìjọba gba ilẹ̀ ìjọ, ó sì tà á, síbẹ̀ Clos náà kò pín títí di 1889. Lónìí, nǹkan bí 80 onílẹ̀ ló wà nínú odi yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń wo àwọn ìlà àjàrà tó dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbìn wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè ní ìlà mẹ́fà, kí aládùúgbò rẹ̀ ní mẹ́wàá, kí wáìnì wọn má sì jọra.

Bí ilẹ̀ ṣe ń já wẹ́wẹ́ báyìí ní Bourgogne kò ṣẹ̀yìn òfin ogún. Ìwé òfin tí Napoléon gbé jáde ní 1804 ní kí àwọn ọmọ tí a bí sínú ìgbéyàwó, ọkùnrin àti obìnrin, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn, jogún ní dọ́gbadọ́gba. Ẹni tó bá mọ ìlànà ogún pípín nílẹ̀ Yorùbá yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: orí-ò-jorí ni, ìdí-igi kọ́. Ó dára, nítorí kò sí ọmọ tó jáde lọ́wọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà kan tí ọmọ mẹ́ta bá pín, tí ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án tún pín, ìlà díẹ̀ ni yóò kù sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́bàá ọ̀nà ní Vosne, ìyá kan tó ti dàgbà dúró ti ọkọ̀ tí wọ́n ń kó àjàrà sí. Mo fi Faransé mi tí kò já gaara kí i. Faransé náà ní “ẹ” àti “o” bíi tiwa. “Ẹ” ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì fi “ẹ” dá mi lóhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe sí àlejò. Mo bi í pé èwo ni tiyín nínú gbogbo èyí? Ó fi àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka.

“Láti òpó yìí dé òpó yẹn ni tèmi. Ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ti àbúrò mi ọkùnrin ni. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló ni ti òkè.”

Mo bi í pé ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín? Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ iṣẹ́ yìí. Bí yóò bá di gbogbo rẹ̀ mú, ó gbọ́dọ̀ san ìpín àwọn méjì yòókù fún wọn. Bó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, wáìnì tó ń ti ìlà wọ̀nyí jáde kò lè san án.”

Ìgbà tí mo mọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá náà yé mi. Ìpíndọ́gba owó hẹ́kítà kan lórí ilẹ̀ Grand Cru ní Côte d'Or ti ju mílíọ̀nù 6 Yúrò lọ. Iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà ni ìjọba ń wò bí onílẹ̀ bá kú. Bí ogún bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí rẹ̀ ń ga sí, ó sì lè dé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lórí apá tó ga jù nínú ohun tí ọmọ jogún. Òfin ń ṣe ìdínkù fún ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n ìdínkù yàtọ̀ sí ìdáríjì.

Láti ìgbà òfin 1970, mọ̀lẹ́bí lè pa ilẹ̀ wọn pọ̀ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní GFA, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín nínú ẹgbẹ́ dípò ègé ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ: ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n padà dá sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé àti òǹtẹ̀! Wàhálà ilẹ̀ ẹbí kò sì yọ wọ́n sílẹ̀: ẹni tó wà nílùú ńlá ń fẹ́ owó, ẹni tó wà lóko ń fẹ́ ilẹ̀.

Bí àwọn méjèèjì kò bá sì rí ara wọn bá sọ̀rọ̀, olówó ń bẹ níta tó lè rà á. Ní 2014, ilé iṣẹ́ LVMH ra Domaine des Lambrays ní Morey-Saint-Denis. Ní 2017, Artémis, ilé iṣẹ́ ìdílé Pinault, ra Clos de Tart ní abúlé kan náà. Láti 1141, nígbà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, títí di ọjọ́ tí wọ́n tà á yìí, ọwọ́ mẹ́ta péré ni ọgbà náà ti kọjá. Kò sẹ́ni tó fi ipá gba ilẹ̀ wọ̀nyí bí Áhábù ti ṣe. Owó ni wọ́n san, àwọn onílẹ̀ sì gbà á. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Nábótì mọ ẹni tí yóò wí fún pé rárá. Ta ni àgbẹ̀ òde òní yóò wí i fún, nígbà tí ó jẹ́ pé iyì ilẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń lé ọmọ òun kúrò lórí rẹ̀?

Ilẹ̀ nìkan sì kọ́ ni ogún wọn. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ń bẹ. Ní ọ̀rúndún 19, kòkòrò phylloxera tó ti Amẹ́ríkà wọlé jẹ gbòǹgbò àjàrà Faransé run. Wọ́n bọ́ nínú rẹ̀ nípa síso ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tó lè fara da kòkòrò náà. Romanée-Conti, ọgbà tí kò tó hẹ́kítà 2, tí wáìnì rẹ̀ sì wà lára èyí tó wọ́n jù láyé, rọ̀ mọ́ gbòǹgbò àtijọ́ títí di 1945. Nígbà tí wọ́n wá hú u, tí wọ́n tún un gbìn, wáìnì Romanée-Conti kankan kò jáde láti 1946 dé 1951. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń tọ́jú igi láìrí ìgò kan tà nínú rẹ̀.

Ewu tòní tún yàtọ̀. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè wà ní Beaune láti 1354. Láti ìgbà náà títí di 1987, ìpíndọ́gba ọjọ́ tí ìkórè ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án. Láti 1988, ó ti fi ọjọ́ 13 ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ooru ń mú kí ewé tètè rú, òtútù òru sì ń bá a níta. Ní oṣù Kẹrin 2021, ṣe ni àwọn àgbẹ̀ ń tan iná àbẹ́là sáàárín ìlà àjàrà lóru kí òtútù má baà pa ọ̀mùnú wọn. Bí ojú ọjọ́ bá yí, ìwà ègé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ lórí ìwà yẹn ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ lé.

Beaune ni mo ti parí ìrìn àjò mi, ní ilé ìwòsàn àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń dán ní oríṣiríṣi àwọ̀. Nicolas Rolin, olóyè ńlá lábẹ́ Dúúkù Philippe le Bon, àti ìyàwó rẹ̀, Guigone de Salins, ló dá a sílẹ̀ ní 1443 fún àwọn tálákà, wọ́n sì tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ títí di àwọn ọdún 1970. Láti ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọgbà àjàrà wọn ta ilé náà lọ́rẹ, tí ó fi ní nǹkan bí hẹ́kítà 60 lónìí. Láti 1859 ni wọ́n ti ń ta wáìnì rẹ̀ ní gbàǹjo, ní Sunday kẹta oṣù Kọkànlá, ní àgbá-ní-àgbá, owó rẹ̀ sì ń lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ kò pín in, wọn kò sì tà á fún olówó. Aláìsàn tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n sọ di àrólé.

Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá fẹ́ lọ, oṣù Kẹsàn-án dára nítorí ìkórè, oṣù Kọkànlá nítorí gbàǹjo. Ẹ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ má ṣe já èso rẹ̀. Ẹni tí kì í mu ọtí pàápàá yóò rí nǹkan kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀ òfúrufú, ẹ ṣe ohun kan nílé. Ẹ bi àwọn òbí yín ní orúkọ tí àwọn bàbá wọn ń pe oko wọn, ibi tí ààlà rẹ̀ dé, àti ẹni tó ń dá a báyìí. Orúkọ 1,247 wà lákọsílẹ̀ lórí òkè kan ṣoṣo ní Bourgogne. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹnu àgbàlagbà kan tàbí méjì ni orúkọ tiwa kù sí.