Ẹlẹ́rìí Inú Àpò

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà wí. Bí a bá sì wo ayé òde òní, a ó rí i pé fóònù inú àpò ti sọ gbogbo wa di ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. Èmi náà a máa fi èyí yangàn, títí di ọjọ́ kan tí mo wọ ọkọ̀ láti Ìbógùn lọ sí Ifọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, nítorí Ìbógùn ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ fi ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́-ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Àwọn ọlọ́pàá kan dá wa dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin tó jókòó tì mí sọ̀ kalẹ̀, kí ó ṣí fóònù rẹ̀ fún wọn, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ọmọ yàhúù ni. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?" Ìgbájú ni wọ́n fi dá a lóhùn. Fóònù tèmi wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ṣe ni mo rọra tì í bọ àpò. Nígbà tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó padà wọlé, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí ni ẹ̀rọ lè ṣe fún ẹni tí ìyà ń jẹ?

Kì í ṣe ohun tí a lè fojú tín-ín-rín. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, tí ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn pa ní Minneapolis, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ fi síta ni pé àìlera ló ṣe ọkùnrin náà. Fọ́nrán tí Darnella Frazier, ọmọ ọdún 17, fi fóònù rẹ̀ ká ló já irọ́ náà. Ilé ẹjọ́ dá apànìyàn náà lẹ́bi ní ọdún 2021.

Ẹ wá fi èyí wé ti ilé wa. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn sójà dáná sun ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Màmá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìbógùn, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni olórí ìjọba nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ká ní fóònù kan wà níbẹ̀, ta ni ìbá lè sọ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, òtítọ́ a máa dọ́jà kó kùtà. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, fọ́nrán ló lé àwọn ọ̀dọ́ wa jáde sígboro, títí ìjọba fi tú SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ká ní ọjọ́ 11. Ní ọjọ́ 20, àwọn sójà yìnbọn níbi tí a ti ń san owó ojú ọ̀nà ní Lẹ́kí, ogunlọ́gọ̀ sì ń wò ó lójú ẹsẹ̀ lórí Instagram. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Èkó ní a lè pè é ní ìpakúpa. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gbà. Ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rọ, kì í ṣe adájọ́. Ẹlẹ́rìí sì ń fẹ́ ẹni tí yóò pè é, àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Lọ́hùn-ún, àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń dá ẹni lẹ́bi. Níhìn-ín, dúdú ni ọlọ́pàá, dúdú ni ọmọ. Irun dídì àti fóònù olówó gọbọi ló dúró ní ipò àwọ̀. Ohun tí ìbá jẹ́rìí gbe ọmọ yẹn ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Mo ṣì ń gba ọ̀nà náà. Bí mo bá tún bá irú rẹ̀ pàdé, n kò lè búra pé ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó gbọ̀n lójú gbogbo ayé, kì í ṣe nínú àpò.