Ohùn Tí Mo Pè Ní Tèmi

Orin kan tí èmi àti olórin obìnrin kan jọ ṣe ní London kò sí níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i gbọ́ mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti gba owó àsansílẹ̀ wọn padà. Àwọn tó mọ̀ wá rò pé ilé-iṣẹ́ náà ló rẹ́ wa jẹ. Irọ́ ni. Èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́, mo sì dákẹ́ títí di òní, mo ń jẹ́ kí wọ́n máa bú ẹni ẹlẹ́ni.

Progressive house ni orin náà, irú orin ijó kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú orin yìí ti gbèrú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lásìkò tí Sasha àti John Digweed ń fi àwo mú àwọn oníjó jó ní kíláàbù Renaissance ní Mansfield. Orin tí kì í kánjú ni. Ìlù rẹ̀ kì í yí púpọ̀. Ohun tó wà lórí ìlù ló ń yí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ Strobe tí deadmau5 gbé jáde ní 2009 á mọ ohun tí mò ń sọ: ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì pẹ́ gan-an kí ìlù tó wọlé. Mo fẹ́ràn orin yìí dé ọkàn. Nítorí náà ni ohun tí mo ṣe fi ń dùn mí.

Inú preset ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sí èèwọ̀ kankan nínú preset fúnra rẹ̀. Ohùn tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ sínú synthesizer, ẹ̀rọ tó ń dá ìró sílẹ̀, ni, tí oníṣẹ́ orin kàn ń pè jáde. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Korg ṣe synthesizer M1 ní 1988, ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Organ 2. Ohùn yẹn ni StoneBridge, ọmọ ilẹ̀ Sweden, lò nígbà tó tún Show Me Love ti Robin S ṣe, orin náà sì gba ìgboro kan ní 1993. Kò sí ẹni tó lè pè é lólè. Ìró ni Korg tà fún un. Ohun tó fi ìró náà kọ, orí ara rẹ̀ ló ti wá.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpò preset tí mo rà, mo pe ọ̀kan jáde, mo sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ dùùrù. Odidi orin ló bẹ̀rẹ̀. Arpeggiator inú rẹ̀ ń to nóòtì tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, wọ́n tún ń fo ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí etí kò retí. Delay ń jù wọ́n láti etí òsì sí etí ọ̀tún. Filter, tó ń bo ìró tó sì ń ṣí i, ń là fúnra rẹ̀. Ibi tó fo nóòtì yẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn. Mi ò kọ ìkankan nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe preset ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pátá, ó sì tà á fún gbogbo ẹni tó lówó lọ́wọ́. Mo fi ìlù àti báàsì sí i nísàlẹ̀, mo pe ọmọbìnrin olórin náà wá.

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n tún jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Ó wá wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ná wa ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìwé àdéhùn dé, ó wà níbẹ̀ gbangba pé àwa nìkan la ni gbogbo ohun tó wà nínú orin náà. Mo sì ti ka ìwé tó bá àpò preset wá: mo lè fi ṣe orin tà, àmọ́ kì í ṣe tèmi nìkan, ẹlòmíràn lè lo ohun kan náà. Ìwé méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Mo mọ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì ní kí òun náà fọwọ́ sí i.

Ilé-iṣẹ́ náà fi orin wa sínú Content ID ti YouTube, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ orin olórin. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ẹlòmíràn tó ra àpò kan náà, ó ń sọ pé wọ́n jí orin wa lò. Àwọn wọ̀nyẹn kò dákẹ́. Wọ́n fi rìsíìtì wọn ránṣẹ́. Orin tí ohun tí kì í ṣe tẹni nìkan bá wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá, òfin YouTube sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí n fi hàn wọ́n bí mo ṣe kọ orin náà. Kí ni mo fẹ́ fi hàn?

Mo ní kí n fi tèmi rọ́pò apá tí preset kọ. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Nígbà tí mo pa arpeggiator, ìró pẹ́lẹ́bẹ́ kan ló kù. Ohùn tí ọmọbìnrin náà fi sùúrù kọ, orí àwọn nóòtì yẹn ló gbé e lé. Ibi tí nóòtì ti fò ni òun náà ti mí. Mo kọ òmíràn, kò gba ohùn rẹ̀. Bí orin tirẹ̀, tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ṣe bá tèmi lọ nìyẹn.

Èmi ni mo san gbogbo owó náà padà, títí kan ìpín tirẹ̀, nítorí ó ti fi san owó ilé. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí orin kejì, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Èyí kò ṣeé san padà. Nígbà tí mo wá sọ òtítọ́ fún un, kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo bi yín.”

Mo ṣì ń lo preset. Tí mo bá pè é jáde báyìí, arpeggiator ni mo kọ́kọ́ ń pa, kí n mọ èyí tó jẹ́ ìró àti èyí tó jẹ́ orin. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí Init, ìbẹ̀rẹ̀ òfìfo inú synthesizer, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀: ìró saw kan lásán. Mo máa fi unison sọ ọ́ di púpọ̀, mo máa fi detune yà wọ́n díẹ̀ síra, mo máa wá fi filter bò ó títí á fi rọ̀, kí n tó máa ṣí i bọ̀. Àwọn ohùn mi kò tíì dán tó ti inú àpò, mo gbà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní kí filter tètè là, mo mọ ohun tí màá yí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín: ẹ ka ìwé inú àpò preset yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Bí olórin yín bá sì béèrè ẹni tó kọ orin, ẹ sọ fún un kó tó lanu kọrin.