Bí Ìgbín Bá Fà: Ìrìnàjò Ilé Onítáyà Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọdún Ọlọ́jọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn èrò tí ó kún Ẹnuwà ti túká, ìlù ti rọlẹ̀ ní Òkè Mògún, ṣùgbọ́n àlejò kan ṣẹ́kù sí ojúde wa tí kò mọ̀ pé ọdún ti parí: ilé onítáyà ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní káráfáànù, tí àbúrò mi rà ní tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ó ti lo ogún ọdún, tí ó ní ibùsùn mẹ́rin, ààrò gáàsì kékeré kan, àti fèrèsé tí aṣọ ara rẹ̀ ti ṣá. Àbúrò mi ní kí a máa fi ilé náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kí a sùn sí ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè lónìí, kí a jí sí etí odò Ọ̀ṣun lọ́la, kí ojú wa lè rí ilẹ̀ tí a bí wa sí kí ojú náà tó ṣú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìgbín ni ó fẹ́ sọ gbogbo wa dà. Ó dá mi lóhùn pé, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e."

Òótọ́ ni òwe náà. Ìkarahun ni a ti rà, ìgbín, ìyẹn ọkọ̀ tí yóò fà á, ni ó kù. Hilux méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá: ọ̀kan, funfun, tí ń mu bẹntiróòlù, wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìntì ní Mọ̀ọ̀rẹ̀; èkejì, aláwọ̀ eérú, tí ń mu dísù, wà lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó kan ní Lágere. Ojúlùmọ̀ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì gbà kí a gbé ọkọ̀ wọn lọ dán wò. Ibẹ̀ ni ẹnu èmi àti àbúrò mi kò ti kò mọ́. Èmi, tí bàbá mi fi Bedford kó kòkó láti Ìfẹ̀tẹ̀dó wá sí Ifẹ̀ ní ayé bólẹ́kájà, bẹntiróòlù ni mo mọ̀, òun ni mo sì gbè lẹ́yìn: mo ní kò sí oríta tí ènìyàn kò ti ní rí ẹni tí yóò bá a fọ púlọ́ọ̀gì, tí yóò sì gba owó ẹ̀kọ lásán, ṣùgbọ́n ti dísù, ọ̀rọ̀ awo ni, bí nọ́súlù kan tí ń tú epo sí i bá bàjẹ́ lára rẹ̀, owó ewúrẹ́ ń lọ nìyẹn. Àbúrò mi ní níbi tí òun ti ń bọ̀, dísù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fa irú ilé bẹ́ẹ̀ ń rà, wọn kò sì ya wèrè.

A gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan ní ojú ọ̀nà Oǹdó, ẹni tí ó ti ń tún agbégilódò ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, nítorí pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Bàbá náà nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, bí ẹni tí ó fẹ́ fi òwe náà hàn wá, ó ní, "Ẹ gbọ́. Bẹntiróòlù kò lè dá gbiná, púlọ́ọ̀gì ni ń ṣáná sí i. Dísù kò ní ẹni tí ń ṣáná fún un. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún mọ́ra, títí tí èyí tí ó gba àyè mẹ́rìndínlógún yóò fi há sínú àyè kan ṣoṣo, tí yóò gbóná bí ààrò alágbẹ̀dẹ. Bí epo bá ti kán sí i báyìí, iná dé." Ohun tí bàbá fi ẹnu sọ yìí ni mo ti kà nínú ìwé rí, pé Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó mú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọdún 1897, àti pé níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n bu fún ọ̀kan nínú wọn mu, tí ó sì ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwé àwọn ọkọ̀ méjèèjì tún fi yé wa pé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onílítà 2.7 kì í yọ gbogbo agbára ìfà rẹ̀, tí í ṣe 245 Newton-mítà, àfi bí ó bá ń yí tó 4,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n dísù onílítà 3.0 ti ń yọ 343 láti nǹkan bí 1,400. Ọ̀kan ní láti pariwo kí ó tó ṣiṣẹ́. Èkejì ń ṣiṣẹ́ kí ó tó pariwo.

Bàbá ní kí a má jà mọ́, kí a lọ bi òkè léèrè. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a so ilé mọ́ ọkọ̀ funfun, a jáde ní Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, a la Òṣú kọjá, a wọ Iléṣà, ìlú ọmọ Ọwá Obòkun, ìlú àwọn Òṣómàáló tí kì í jẹ́ kí gbèsè pẹ́ lọ́rùn ẹni, títí a fi dé Ìwárája, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Èkìtì ti pínyà. Títí dé ibẹ̀, ọkọ̀ náà ń lọ bí ọmọge tí ń lọ ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń bọ́ láti orí àpáta, tí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níwájú wa, a bọ́ sí jíà kẹta, a bọ́ sí èkejì, a padà bọ́ sí èkíní. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ sọnù, abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru hàn sì ń gòkè ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. A yà sẹ́bàá ọ̀nà, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí a ti dúró níbẹ̀, agbégilódò kan tí ó ru ìtí igi bíi mẹ́fà kọjá lára wa, kò yára, kò dúró, ó ń lọ bí àgbà tí wọ́n ń retí ní ìgbìmọ̀. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ojú tẹ̀lé e. Iyán ọ̀sán ni a bá ní Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí a ń bọ̀, a fi jíà kejì sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà sì di ẹrù wa mú bí ẹni di okùn àgbò mú.

Ní Ọjọ́bọ̀, a so ilé kan náà mọ́ ọkọ̀ aláwọ̀ eérú. N kò ní purọ́ fún òǹkàwé: òkè tí ó sọ bẹntiróòlù di ẹlẹ́bẹ̀, jíà kẹta ni dísù fi gùn ún, ọ̀rọ̀ tí èmi àti àbúrò mi ń sọ nínú ọkọ̀ kò sì dá. Lítà 33 ni ọkọ̀ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mu ní àlọ àti àbọ̀. Èyí mu 22. Lóòótọ́, dísù wọ́n ju bẹntiróòlù lọ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ, àǹfààní owó pọ́ọ́kú bẹntiróòlù tí èmi ń fi yangàn ti fò lọ bí ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2024 ni iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ti ń fọ epo méjèèjì, dísù ní oṣù Kìíní, bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án. Mo gbà fún àbúrò mi kí a tó dé Ẹ̀fọ̀n.

Ṣùgbọ́n òkè tí a gùn ni a ó sọ̀. Àbúrò mi, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, fi jíà kẹrin sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ó rò pé ẹ́ńjìnnì yóò di ẹrù mú bí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kàkà kí ó rí bẹ́ẹ̀, ohun kan dún gbì lẹ́yìn wa, ọkọ̀ sì ta síwájú bí ọmọ tí ẹlòmíràn tì. Ó tẹ bíréèkì, ilé kò gbọ́. Ilé náà ju ìdí sápá òsì, ó ju ìdí sápá ọ̀tún, òórùn bíréèkì tí ń jó sì gba inú ọkọ̀ kan. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀lé e. Òwe àwọn baba wa kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ìkarahun bá fẹ́ ṣíwájú ìgbín. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò mi fa jíà wá sí ẹ̀kẹta, ó tún fà á wá sí èkejì, tí a sì bá ibi títẹ́jú kan níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta bọ̀ọ̀lì. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú," ni ó wí.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ náà kò yà á lẹ́nu. Ó ní bẹntiróòlù ní ìlẹ̀kùn kan ní ọ̀fun, pé bí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ìlẹ̀kùn náà a tì, ẹ́ńjìnnì a máa jà fún èémí, ìjà yẹn ni ó sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀fun dísù kì í tì bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bíréèkì èéfín sára ọ̀pọ̀ tírélà ńláńlá. Lẹ́yìn náà ni ó rá pálá wọ abẹ́ ilé wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé onítáyà tí ó bá wúwo ju 750 kílò lọ kò gbọdọ̀ wà láìní bíréèkì tirẹ̀, ti wa sì ní i: bí ọkọ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ilé bá tì í, títì náà ni yóò tẹ bíréèkì ilé. Àmọ́ ìpẹtà ti jẹ okùn rẹ̀, ó ti gan. Bàbá na okùn náà sí wa, ó ní, "Ẹ ń du ẹni tí yóò fà á. Ta ni ẹ fi dídúró rẹ̀ sí lọ́wọ́?"

Ìdájọ́ mi, fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí, kò gùn. Bí ilé rẹ bá fúyẹ́, tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò jáde lọ́dún, bẹntiróòlù tó o. Bí ó bá ju tọ́ọ̀nù kan lọ, tí òkè sì wà lójú ọ̀nà rẹ, ra dísù, ṣùgbọ́n má ra epo inú garawa lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí pé dísù ni ó ń fi ọ̀rá pa ẹ̀rọ tí ń fún un. Bí wọ́n bá ti fi kẹrosíìnì là á, nọ́súlù rẹ ni yóò san gbèsè náà. Jíà tí ìwọ yóò fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́, tàbí èyí tí ó kéré jù ú lọ.

Ọjọ́ Ajé ni a lọ san owó ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà ní Lágere. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀, a ti kọ́kọ́ san owó okùn bíréèkì tuntun méjì fún ilé.