Irin Kò Wọ́n, Owó Ọkọ̀ Ló Wọ́n

Ẹni tí ó bá ní jíìpù ológun àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ni ojú rẹ̀ yóò máa wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Láàárín ọdún 1941 sí 1945, iléeṣẹ́ Willys àti ti Ford ṣe irú jíìpù yìí tí ó lé ní 600,000 nítorí Ogun Àgbáyé Kejì, títí di òní olónìí, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú abà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irin àlòkù. Ọdún 1943 ni wọ́n ṣe tèmi. Ìlú Leeds ni mo ń gbé, owó ìfẹ̀yìntì awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó mi a máa bi mí léèrè bóyá irin ni a ó máa sè jẹ lálẹ́. N kì í dá a lóhùn, nítorí kò sí èsì tí mo lè fọ̀ tí kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Bàbá mi ló kó ìfẹ́ jíìpù sí mi lára. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́mà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọmọ Sàró àti Gáḿbíà náà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, wọ́n fi dígà àti ṣọ́bìrì la ọ̀nà jíìpù tí ó lé ní 110 kìlómítà gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan. West African Way ni wọ́n pe ọ̀nà náà. Bàbá mi kò di ìdarí jíìpù mú rí. Ẹrù ni ó ń rù. Ó ní níbi tí ọ̀nà jíìpù bá parí sí, orí ọmọ ènìyàn ni ọta ìbọn àti oúnjẹ yóò gùn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ní bí òun bá gbọ́ ìró jíìpù lẹ́yìn, ọrùn òun a máa yọ̀ ṣáájú ẹnu òun.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà ni mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí òun náà ni ó ń da àwa tí a ní irú ọkọ̀ yìí láàmú. Irin fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Mo ra máàdìgáàdì iwájú kan ní 80 dọ́là lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí ó dì í sínú àpótí tí ó gbé e lé òṣùwọ̀n, kílò 12 péré ni. Ṣùgbọ́n kílò 72 ni àwọn tí ń fi bàálù kó ẹrù kọ sínú ìwé owó.

Kì í ṣe jìbìtì. Àwọn oníbàálù a máa wo ìwúwo ẹrù, wọn a sì máa wo àyè tí ẹrù gbà. Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Wọn a wọn gígùn, ìbú àti gíga àpótí ní sẹ̀ǹtímítà, wọn a sọ wọ́n di púpọ̀, wọn a wá fi 5,000 pín in. Àwọn mìíràn ń fi 6,000 pín in. Àpótí mi gùn ní 120, ó fẹ̀ ní 60, ó sì ga ní 50. Ẹ ṣírò rẹ̀, 360,000 ni. Fi 5,000 pín in, 72 ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lábẹ́ máàdìgáàdì ni wọ́n ní kí n sanwó ọkọ̀ fún.

Gíàbọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo bí òjé. Bí ó bá dá wà nínú àpótí tirẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ni wọn yóò gba owó lé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí kòtò abẹ́ máàdìgáàdì nínú àpótí kan náà ńkọ́? Èyí tí mo rà jẹ́ kílò 35. Fi 12 kún un, 47 ni, kò tíì dé 72 tí wọ́n ti fẹ́ gbowó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni gíàbọ́ọ̀sì mi gun bàálù. Ìṣọ́ra ibẹ̀ ni pé irin wúwo tí kò bá dúró sójú kan yóò sọ páànù máàdìgáàdì di jákujàku kí ó tó la òkun kọjá. Bóòtù ni kí a fi dè é mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Mo fún àgbẹ̀ náà ní 20 dọ́là lé e fún iṣẹ́ yìí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn ológun mọ àṣírí yìí kí n tó dáyé. Nígbà ogun, inú àpótí pákó ni wọ́n ń di ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìpù sí kí wọ́n tó kó wọn gun ọkọ̀ òkun. Wọn a yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a tẹ gíláàsì iwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí àyè tí yóò gbà lè kéré. Ẹni tí ó bá wo bí ara jíìpù ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ yóò mọ̀ pé kò ṣòro láti dì í sínú àpótí.

Ọkọ̀ òkun yìí ni ó rọ̀ wá lọ́rùn jù lónìí, ṣùgbọ́n òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹrù tí kò tó odindi kọ̀ǹténà, àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, tàbí tọ́ọ̀nù kan, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Bí tìrẹ bá kéré sí èyí, owó odindi ni púpọ̀ nínú wọn yóò gbà. Nítorí náà, àwa mẹ́rin tí a ní jíìpù lágbègbè yìí fi ọ̀rọ̀ náà ṣe bí èésú. Oníkálukú ń ra tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń kó jọ sí abà àgbẹ̀ Ohio, ìgbà tí àpótí bá kún ni yóò gbéra. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín ń fi dùrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ ilẹ̀ Wales, ti fẹ́ ta jíìpù rẹ̀ fún àwọn tí ń gé irin. Odindi irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń wá, owó tí àwọn oníbàálù sì kọ fún un ju iye tí ó ra ọkọ̀ náà lọ. Àpótí wa kejì ni irin náà bá dé. Ọkọ̀ náà ń rìn báyìí.

Àpótí àkọ́kọ́ ni ó kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ajẹ́ńtì tí ó gbé e sọ iye kan fún wa, a sì bi í nínú ìwé bóyá gbogbo owó ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹrù gúnlẹ̀ tán, ìwé owó mìíràn ti dúró dè wá: owó títú kọ̀ǹténà, owó ìwé, owó ibi ìpamọ́, owó àtigbé e délé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ti san. A san án, nítorí owó ibi ìpamọ́ ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ náà, iye tí yóò gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni à ń gbà kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ owó kọ̀ọ̀kan.

Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí tí ó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lórí irú ẹ̀yà ọkọ̀ báyìí. Iye tí a ra irin nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń ro owó ọkọ̀ àti owó ibodè mọ́ ọn. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá dín, owó orí rẹ̀ náà dín.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi sínú àpótí rárá. Bíréèkì àtijọ́ máa ń ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fòfin de é láti ọdún 1999. Wọ́n fi ọ̀dà rédíọ́ọ̀mù kun ojú àwọn òṣùwọ̀n ọkọ̀ ológun mìíràn kí ó lè máa tàn lókùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti kú, oró rẹ̀ kò kú. Ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ ìbọn, ìbáà ṣe irin tí a fi ń gbé e dúró, a kì í fọwọ́ kàn án láìbéèrè ìwé àṣẹ, nítorí òfin Amẹ́ríkà ń ṣọ́ ọjà ológun tí ń jáde. Pákó tí a fi kan àpótí pàápàá ní òfin: a gbọ́dọ̀ ti yan án nínú ooru ìwọ̀n 56 Sẹ́síọ́ọ̀sì fún 30 ìṣẹ́jú, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí a sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Òfin náà kò de pílàíwúùdù, òun ni àgbẹ̀ wa ń lò.

Àpótí tí a ń dì lọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo ti bẹ àgbẹ̀ náà kí ó bá mi wá ṣọ́bìrì ológun, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíìpù pẹ̀lú àáké. Ó ní òun rí ọ̀kan, ó ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni yóò fì í sí. Kò ní fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un.