Erinmi Aláwọ̀ Aró

Erinmi kékeré kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Metropolitan ní New York. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí aró. Lára ẹrù ibojì Senbi, ìríjú kan ní Meir ní ilẹ̀ Íjíbítì, ni wọ́n ti rí i ní 1910. Ó ti lo ọdún tí ó ju 3,700 lọ nínú ilẹ̀.

Kì í ṣe amọ̀ ni wọ́n fi ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀. Iyanrìn tí a lọ̀ kúnná ni, pẹ̀lú kán-ún tàbí eérú. Bàbà ni ó fún un ní àwọ̀, iná ni ó sì sọ ojú rẹ̀ di dígí.

Wọ́n ya òdòdó òṣíbàtà sí i lára. Òdòdó yìí a máa pa dé lálẹ́, a sì tún máa là lówùúrọ̀. Àmì àtúnbí ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n erinmi kan náà a máa dojú ọkọ̀ dé ní odò Náílì, a sì máa jẹ irè oko run. Nítorí náà, wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà ṣe òkú ní ibi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn olùtọ́jú òde òní ni wọ́n fi ẹsẹ̀ mìíràn rọ́pò wọn.

Ẹwà nìkan ni ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí ń rí. Àwọn tí wọ́n sin Senbi rí ẹwà, wọ́n sì rí ewu; ìbẹ̀rù kò dí wọn lọ́wọ́ àtiṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.